A Kì í Fi Àṣẹ Gba Ìgbẹ́kẹ̀lé: Ìjọba àti Ará Ìlú ní Ilẹ̀ Ẹ̀gbá

A júbà Olódùmarè, Ẹlẹ́dàá ayé òun ọ̀run. A júbà Ọ̀rúnmìlà, Ẹlẹ́rìí Ìpín, ibìkejì Olódùmarè. A júbà irúnmọlẹ̀ ojùkòtún, a júbà ìgbàmọlẹ̀ ojùkòsì. A júbà ẹ̀yin ìyá wa. A júbà àwọn awo ilẹ̀ Ẹ̀gbá tí wọ́n ti relé, àti àwọn tí a jọ wà láyé tí a jọ ń bọ Ifá. Kí ìbà wa ṣẹ.



Ọ̀rọ̀ tí a gbé ka iwájú yín ní ọdún yìí lè ya àwọn kan lẹ́nu. Wọ́n lè bèèrè pé kí ni ó kan awo nínú ọ̀rọ̀ ìjọba. Ìdáhùn wa kò gùn. Ẹni tí ó wá dá Ifá lọ́dọ̀ wa ní òwúrọ̀, òun náà ni ó ń lọ jẹ́jọ́ ní kọ́ọ̀tù ní ọ̀sán, òun náà ni ó ń san owó ìṣọ̀ ní ọjà Kútọ̀, òun náà ni ó ń wá ìwé ilẹ̀ lọ sí Òkè-Mọ́sàn. Ohun tí a sì ń gbọ́ lẹ́nu irú ẹni bẹ́ẹ̀ lórí ẹní Ifá, léraléra, ni pé òun kò gba ìjọba gbọ́ mọ́. Ìlú tí àwọn ọmọ rẹ̀ kò gba ara wọn gbọ́, ẹbọ wo ni a fẹ́ rú tí yóò fín níbẹ̀?

Ẹ wo ìdìbò ààrẹ ọdún 2023. Àwọn tí orúkọ wọn wà nínú ìwé ìdìbò ní orílẹ̀-èdè yìí lé ní mílíọ̀nù 93. Àwọn tí ó jáde dìbò kò tó mílíọ̀nù 26. Ìyẹn túmọ̀ sí pé bí a bá kó ọgọ́rùn-ún olùdìbò jọ, nǹkan bí 27 ni ó jáde. Ní ọdún 2019, nǹkan bí 35 ni. A mọ̀ pé ọ̀wọ́n owó náírà tí ó gbòde nígbà náà dá àwọn kan dúró sílé. Ṣùgbọ́n a mọ̀ pẹ̀lú pé ọ̀pọ̀ ló jókòó sílé nítorí pé wọ́n ti pinnu nínú ọkàn wọn pé kò sí ohun tí ìbò àwọn lè yí padà.

Ohun kan ṣoṣo ni a fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìgbẹ́kẹ̀lé kì í ṣe ohun tí ìjọba lè fi àṣẹ gbà bí ẹni gba owó orí. Ibi tí ará ìlú bá ti rí bí a ṣe ń ṣe é, tí ó lè sọ pé "kò rí bẹ́ẹ̀" kí a sì gbọ́ tirẹ̀, ibẹ̀ nìkan ni ìgbẹ́kẹ̀lé ń gbé.

Ìdí tí àwọn ènìyàn fi ń gba Ifá gbọ́

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹní tiwa. Kí ni ó dé tí ẹni tí kò mọ̀ wá rí lè wọlé, kí ó jókòó, kí ó sì gbà pé òótọ́ ni ohun tí a bá rí? Àwọn kan yóò ní nítorí pé babaláwo kì í purọ́ ni. A fẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn baba ńlá wa mọ̀ pé ènìyàn ni babaláwo, wọ́n sì mọ̀ pé ojúkòkòrò kò mọ awo yàtọ̀ sí ọ̀gbẹ̀rì. Nítorí náà wọn kò fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún ìwà rere nìkan. Wọ́n ṣe ìlànà sí i.

Ẹni tí ó wá dá Ifá kì í kọ́kọ́ ro ẹjọ́ rẹ̀ fún babaláwo. Owó ni yóò mú, yóò sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí i wúyẹ́wúyẹ́, yóò sì gbé e sílẹ̀ níwájú Ifá. Awo yóò kó ikin mẹ́rìndínlógún sọ́wọ́. Bí ó bá gbá a tí ikin kan ṣẹ́kù, ojú méjì ni yóò tẹ̀; bí méjì bá ṣẹ́kù, ojú kan ni yóò tẹ̀. Inú ìyẹ̀rosùn lórí ọpọ́n ni ó ń tẹ̀ ẹ́ sí, ní gbangba, ní ojú gbogbo ẹni tí ó jókòó. Kò lè tẹ Ogbè kí ó pè é ní Ọ̀yẹ̀kú, nítorí pé ojú ọpọ́n wà níbẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ̀ ọ́n kà. Bí a bá sì fẹ́ mọ̀ bóyá ire ni Ifá fọ̀ tàbí ibi, ìbò ni a ó lò. Ẹni tí ó wá dá Ifá ni yóò pa á mọ́ sínú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ọ̀kan ní ọ̀tún, ọ̀kan ní òsì. Awo kò mọ èyí tí ó wà ní ọwọ́ wo. Ifá ni yóò mú ọwọ́.

Bí a bá sì pé jọ bí a ti pé jọ lónìí, tí awo kan ń sun ìyẹ̀rẹ̀, ẹ mọ bí a ṣe ń ṣe. Bí gbólóhùn rẹ̀ bá gún, gbogbo ìjókòó a fi ohùn gbè é. Bí ó bá ṣì í kà, a ó dá a dúró, ìbáà jẹ́ àgbà, kí ó lè tún un kà bí ó ti yẹ. Ẹni tí ó dá a dúró kò di ọ̀tá rẹ̀. Ifá ni ó gbà lọ́wọ́ àṣìkà.

Ohun mẹ́ta ni ó wà níbẹ̀. Èkíní, ojú gbangba ni a ti ń ṣe iṣẹ́ náà. Èkejì, ọwọ́ ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn wà nínú rẹ̀. Ẹ̀kẹta, ẹni tí ó bá ṣì í ṣe lè gba àtúnṣe láìsí ìjà. Ẹ jẹ́ kí a fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí wo ìtàn wa gẹ́gẹ́ bí ọmọ Ẹ̀gbá.

Oko ni ó ti bẹ̀rẹ̀

Ìgbẹ́kẹ̀lé ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá kò bẹ̀rẹ̀ láti ààfin. Oko ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ìtàn tí a fi lé wa lọ́wọ́ nípa Lísàbí Agbòǹgbò-Àkàlà ni pé àgbẹ̀ ni, ní Ẹ̀gbá àtijọ́, kí a tó dé abẹ́ Olúmọ. Ní ìgbà náà, àjẹlẹ̀ Aláàfin ń gba ìṣákọ́lẹ̀ kiri ìlú, kò sì sí ẹni tí ó lè bi wọ́n léèrè. Lísàbí kò kọ́kọ́ pe ẹnikẹ́ni sí ogun. Àáró ni ó pè wọ́n sí. Lónìí, gbogbo wọn á jọ ro oko ọ̀kan. Lọ́la, wọ́n á ro ti èkejì. Ẹni tí ó bá wá sí oko tìrẹ, o rí i. Bí ó bá ya ọ̀lẹ, o rí i. Ẹni tí ó bá sì yẹ àáró, kò sí ẹni tí yóò yọjú sí oko tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n ti ṣe èyí pẹ́, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti mọ ẹni tí èkejì jẹ́, nígbà náà ni Lísàbí sọ ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀ fún wọn. Ní òpin ọ̀rúndún kejìdínlógún ni wọ́n dìde sí àjẹlẹ̀, tí ọrùn Ẹ̀gbá sì bọ́ nínú àjàgà.

Nígbà tí Ṣódẹkẹ́ kó wa dé Abẹ́òkúta ní ọdún 1830, kò sí ẹnì kan tí a kó gbogbo àṣẹ lé lọ́wọ́. Ògbóni ń dá ẹjọ́, Olórogun ń mójú tó ogun, Pàràkòyí ń mójú tó ọjà, àwọn ọdẹ ń ṣọ́ ìlú. Ọdún 1854 ni a tó fi Aláké jẹ ní abẹ́ Olúmọ, nígbà tí Òkúkẹ́nù gorí ìtẹ́. A kò sọ pé ayé ìgbà náà kò ní àléébù. Ìjà wà láàrin wọn, òwò ẹrú sì wà. Ohun tí a ń sọ ni pé ọ̀kan ń ṣọ́ èkejì, ará ìlú sì mọ ibi tí yóò gbà bí ọ̀kan bá rẹ́ ẹ jẹ.

Ìjọba tí ó yá ìbọn

Àdéhùn ọdún 1893 jẹ́ kí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbà pé Ẹ̀gbá dá dúró. Ní ọdún 1898 a dá Ìjọba Ìṣọ̀kan Ẹ̀gbá sílẹ̀, ó ní akọ̀wé, ó ní àpò ìṣúra, ó ní kọ́ọ̀tù, ó ń la ọ̀nà, ó sì ń gba owó ibodè. Ohun ìwúrí ni fún gbogbo aláwọ̀ dúdú pé irú ìjọba bẹ́ẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ onílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ rẹ̀ ti ń le, bẹ́ẹ̀ ni etí rẹ̀ ń di. A ń fi ipá kó àwọn ènìyàn ṣiṣẹ́ ojú ọ̀nà. Ẹjọ́ ń lọ sí kọ́ọ̀tù tí àwọn àgbà àdúgbò kò ní ohùn níbẹ̀ mọ́.

Ní ọdún 1914, àgbàlagbà kan láti Ìjẹmọ̀ kú sí àhámọ́ ìjọba náà. Àwọn ará Ìjẹmọ̀ jáde, wọ́n ní kí a wádìí, kí a sì yọ akọ̀wé àgbà ìjọba nípò. Bí a bá dá wọn lóhùn ní ọjọ́ náà, bóyá ìtàn ìbá yàtọ̀. Ìjọba kò rí ohùn tí yóò fi dá àwọn ọmọ rẹ̀ lóhùn, ó ní kí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì wá bá òun pa iná náà. Ní ọjọ́ 8, oṣù kẹjọ, ọdún 1914, wọ́n yìnbọn ní Ìjẹmọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kú, Olúwo Ìjẹmọ̀, àgbà Ògbóni, sì wà lára wọn. Ní ọjọ́ 16, oṣù kẹsàn-án, ọdún kan náà, òmìnira Ẹ̀gbá dópin. Ẹ kíyè sí i: ìjọba tí kò lè dá ará ìlú lóhùn lọ yá ìbọn lọ́wọ́ àjèjì, ẹni tí ó yá a ní ìbọn sì gba ìjọba mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn èyí ni a gbé owó orí tààrà kalẹ̀ fún Ẹ̀gbá. Àwọn ènìyàn kò mọ ẹni tí ó gbìmọ̀ rẹ̀, wọn kò sì mọ ohun tí a fẹ́ fi ṣe. Ní oṣù kẹfà ọdún 1918, Ogun Adúbí bẹ́ sílẹ̀. Wọ́n hú ojú irin rélùwéè, wọ́n já wáyà, ọba Òkè-Ọnà sì pàdánù ẹ̀mí rẹ̀. Àwọn ọmọ ogun tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ojú ogun Jámánì ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà dé ni ìjọba kó lé àwọn àgbẹ̀ lórí, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn sì kú. Wọ́n ṣẹ́gun Adúbí, wọ́n sì ń gba owó orí wọn lọ. Ṣùgbọ́n owó nìkan ni ìbọn lè gbà. Ìgbẹ́kẹ̀lé kò wọ inú àpò náà.

Ọ̀rọ̀ ìrẹsì àti owó orí obìnrin

Àwọn ìyá wa ni ó tún fi èyí hàn ní ọdún 1947. Ní Abẹ́òkúta nígbà náà, obìnrin ń san owó orí tirẹ̀ lọ́tọ̀ sí ti ọkọ rẹ̀, ọmọbìnrin sì ń bẹ̀rẹ̀ ní ọmọ ọdún 15 nígbà tí ọmọkùnrin ń bẹ̀rẹ̀ ní 16. Ẹ̀sùn tí ó wọ́pọ̀ ni pé àwọn agbowó orí a máa tú ọmọbìnrin sí ìhòhò láti mọ̀ bóyá ó ti tó ọjọ́ orí. Ní ìgbà ogun Hitler, wọ́n ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn ìyá ọlọ́jà. Bẹ́ẹ̀ ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì ti kó gbogbo àṣẹ ìjọba ìbílẹ̀ lé Aláké nìkan lọ́wọ́, débi pé àwọn àgbà tí ó yẹ kí wọ́n máa ṣọ́ ara wọn ti di olùgbọ́ràn lásán.

Ìyá Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àti àwọn ìyá ọlọ́jà da ẹgbẹ́ wọn pọ̀ ní ọdún 1946. Àṣìṣe ni bí a bá ń sọ ìtàn wọn bí ìtàn ariwo àti orin nìkan. Wọ́n kọ́kọ́ kọ ìwé ẹ̀bẹ̀. Wọ́n mú àbá wá: kí a gbé owó orí lé àwọn iléeṣẹ́ òyìnbó tí ń jèrè ní ìlú, kí a fi owó ṣe iṣẹ́ tí ìlú yóò rí, kí a fi òpin sí àṣẹ tí ó wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo, kí a sì fi obìnrin sí ìgbìmọ̀. Ìgbà tí a kò dá wọn lóhùn ni wọ́n jáde. Ní ọjọ́ 29 àti 30, oṣù kọkànlá, ọdún 1947, obìnrin tí ó lé ní 10,000 jókòó sí iwájú ààfin Aké. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká, tí ìyá tirẹ̀ wà lára wọn, kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé Aké tí ó jáde ní ọdún 1981.

Ní oṣù kìíní ọdún 1949, Kábíyèsí Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì fi ìtẹ́ sílẹ̀. A dá owó orí obìnrin dúró, ìgbìmọ̀ tuntun tí obìnrin wà nínú rẹ̀ sì gba ìjọba ìbílẹ̀. Apá tí a kì í sábà sọ nínú ìtàn yìí ni ó ṣe pàtàkì jù fún wa lónìí. Ní ìparí ọdún 1950, Kábíyèsí padà sórí ìtẹ́. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni inú wọn dùn sí i. Ṣùgbọ́n ìjọba tí ó bá nílé kì í ṣe èyí tí ó fi sílẹ̀ mọ́. Àṣẹ kò sí lọ́wọ́ ẹnì kan mọ́, ìgbìmọ̀ ni ó ń ṣe é. Ó sì wà lórí ìtẹ́ títí di ọdún 1962 tí ó wàjà. Ìgbẹ́kẹ̀lé tí ó ti wó lè dìde padà, bí a bá tún ìlànà ṣe. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀bẹ̀ nìkan ni a fi padà, tí ìlànà sì wà bí ó ti wà, ìjà kejì ni à ń dáná sí.

Bí a bá fi Ògún búra ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó gbajúmọ̀ láàrin àwọn ènìyàn wa, àti láàrin àwa awo pàápàá: pé bí àwọn olóṣèlú bá fi irin Ògún búra dípò ìwé mímọ́, olè jíjà yóò dópin. A bọ̀wọ̀ fún Ògún. Àwa tí a ń bọ òrìṣà kò lè ṣe àtakò agbára òrìṣà. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a sọ òótọ́ fún ara wa.

Ní ayé àwọn baba wa, ìbúra kò dá dúró. Ẹni tí ó fi Ògún búra mọ̀ pé àwọn Ògbóni ń wo òun, pé Pàràkòyí mọ iye tí ó wọlé lọ́jà, pé àwọn ọmọ ilé rẹ̀ pàápàá lè fẹjọ́ òun sùn. Òrìṣà ń ṣọ́ ọ, ènìyàn náà ń ṣọ́ ọ. Bí a bá yọ ènìyàn kúrò, tí a ní kí Ògún nìkan máa ṣọ́ àpò ìjọba, ọ̀lẹ ni a ń ṣe. Iṣẹ́ tí Olódùmarè fún wa ní ojú àti ọgbọ́n láti ṣe ni a ń tì sọ́rùn òrìṣà. Kò sí ìbúra tí ó lè rọ́pò ìwé ìṣirò tí ó ṣí sílẹ̀.

Ẹ rántí pẹ̀lú ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Òkíjà ní ìpínlẹ̀ Anambra. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá ya wọ ojúbọ ibẹ̀ ní ọdún 2004, gbogbo orílẹ̀-èdè gbọ́ pé a ti mú olóṣèlú lọ búra níbẹ̀ fún ẹni tí ó gbé e dé ipò. Irú ìbúra bẹ́ẹ̀ kò so olórí mọ́ ará ìlú. Ńṣe ni ó gba olórí lọ́wọ́ ará ìlú, tí ó so ó mọ́ bàbá ìsàlẹ̀. Awo tí ó bá gbé ojúbọ rẹ̀ kalẹ̀ fún irú èyí ti bá wọn wó ìlú.

Ìtàn kan wà nínú Ìkà-Òfún tí gbogbo yín mọ̀, nípa àwọn àgbà tí ó lọ bèèrè ẹ̀mí gígùn lọ́dọ̀ Ifá. Ifá ka èèwọ̀ fún wọn. Wọ́n padà sílé, wọ́n ń ṣe òdìkejì. Nígbà tí ikú bẹ̀rẹ̀ sí í mú wọn, wọ́n ní Ọ̀rúnmìlà ni ó ń pa àwọn. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún olórí tí ó bá fi ìwé ìṣirò pamọ́, tí ó yí ẹjọ́ po, tí ó sì wá ń kígbe pé àwọn ará ìlú kò fẹ́ràn orílẹ̀-èdè wọn. Èèwọ̀ tí ó jẹ ni ó ń bá a jà.

Ti ìsinsìnyí

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, nígbà ìwọ́de EndSARS, àwọn ènìyàn já wọ ilé ìkẹ́rù kan ní Mazamaza ní Èkó, wọ́n bá oúnjẹ ìrànwọ́ kòrónà tí a kó pamọ́ síbẹ̀. Kíá, irú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹlẹ̀ káàkiri àwọn ìpínlẹ̀. Àwọn gómìnà ní àwọn kò tíì parí ètò pípín rẹ̀ ni. A kò wá dá ẹjọ́ náà níhìn-ín, a kò sì gbóríyìn fún ìkógun. Ohun tí a rí ni pé àlàyé náà dé lẹ́yìn ìbínú. Ká ní a ti kéde ní gbangba, láti ìbẹ̀rẹ̀, iye oúnjẹ tí ó dé, ibi tí ó wà àti ọjọ́ tí a ó pín in, ará ìlú ìbá ní ohun tí yóò dì mú. Àwọn ìyá Ẹ̀gbá tí a gba ìrẹsì lọ́wọ́ wọn ní ìgbà ogun ìbá mọ irú ìbínú yìí.

Àwọn ọ̀nà ti ń ṣí díẹ̀díẹ̀. Òfin tí ó fún ará ìlú ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba ti wà láti ọdún 2011. Kò pọn dandan kí o sọ ìdí tí o fi ń bèèrè, ọjọ́ méje ni iléeṣẹ́ ìjọba sì ní láti fèsì. Ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ sì ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní ọdún 2025 pé ó de ìjọba ìpínlẹ̀ àti ti ìbílẹ̀ pẹ̀lú. Ilé ẹjọ́ kan náà ni ó pàṣẹ ní ọjọ́ 11, oṣù keje, ọdún 2024 pé kí owó tí ó tọ́ sí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ 774 tí ó wà ní Nàìjíríà máa dé ọ̀dọ̀ wọn tààrà. Èyí kan Àríwá Abẹ́òkúta, ó kan Gúúsù Abẹ́òkúta, ó kan Odẹdá, Ọbáfẹ́mi-Owódé, Ewékorò àti Ifọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí a yára yọ̀. Owó lè sún mọ́ wa kí ìṣirò rẹ̀ sì jìnnà sí wa. Bí alága ìbílẹ̀ bá fi ìwé pamọ́, kí ni ìyàtọ̀ láàrin òun àti ẹni tí ó wà ní Àbújá? Ẹ̀bẹ̀ wa sí àwọn alága ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá kò le. Kí wọ́n máa kọ iye tí ó wọlé ní oṣooṣù àti ohun tí wọ́n fi ṣe, ní èdè Yorùbá, kí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí ojú wà: ní ọjà Ìtòkú, ní Kútọ̀, ní Láfẹ́nwá, ní Òmídà. Kí wọ́n dá ọjọ́ kan sọ́tọ̀ tí ará ìlú lè dìde bèèrè ọ̀rọ̀, kí a sì kọ ìdáhùn sílẹ̀. Bí ọpọ́n Ifá ti rí nìyẹn. Ohun tí a tẹ̀ ni gbogbo ojú ń rí.

Iṣẹ́ ti àwa náà

A kò lè máa bèèrè lọ́wọ́ ìjọba ohun tí a kò ṣe nínú ilé wa. Ẹgbẹ́ tí ó ń gba owó ọdún lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ ka ìṣirò rẹ̀ sétí gbogbo ìjókòó kí a tó jẹun ọdún. Bí olóṣèlú bá mú màlúù wá fún ọdún wa, kí a dúpẹ́, ṣùgbọ́n kí màlúù náà má di wa lẹ́nu. Bí ìbò bá ń bọ̀, kí awo má gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láti kéde pé Ifá ti yan án. Ẹni tí ó bá ta ohùn Ifá lẹ́ẹ̀kan, ta ni yóò gbà á gbọ́ ní ọjọ́ tí àìsàn dé?

Ojúṣe wà lọ́rùn ará ìlú náà. Àìgba ohunkóhun gbọ́ kì í ṣe ọgbọ́n. Ẹni tí ó bá gbọ́ ìròyìn lórí WhatsApp pé ìjọba fẹ́ fi abẹ́rẹ́ àjẹsára pa ọmọ, tí ó sì ń fọ́n ọn kiri láìbèèrè, kò sàn ju òṣìṣẹ́ tí ó yí ìwé padà lọ. Òótọ́ ni àwọn méjèèjì sọ nù. Ẹni tí ó ń fún agbófinró ní rìbá lójú ọ̀nà, tí ó tún ń bú ìjọba nílé, ó ń fi ọwọ́ kan kọ́lé, ó ń fi èkejì wó o. Bí òṣìṣẹ́ kan bá sì ṣe dáadáa, tí nọ́ọ̀sì kan tọ́jú aláìsàn láìgba àbẹ̀tẹ́lẹ̀, tí adájọ́ kan dá ẹjọ́ bí ó ti yẹ, kí a máa yìn ín ní gbangba. Bí a bá ń gbè fún awo tí gbólóhùn rẹ̀ gún, ó yẹ kí a máa gbè fún òun náà.

Ọ̀sá-Òtúrá ni Odù tí àwọn awo máa ń tọ́ka sí bí ọ̀rọ̀ òtítọ́ bá délẹ̀. Ẹ lọ ronú lé e lórí nínú ilé yín. Òtítọ́ kì í ṣe ohun tí olórí nìkan gbọ́dọ̀ máa sọ. Ohun tí gbogbo wa jọ ń tọ́jú ni, bí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Lísàbí ṣe ń tọ́jú oko ara wọn.

Olódùmarè, fún wa ní olórí tí etí rẹ̀ ṣí. Fún wa ní ará ìlú tí ojú rẹ̀ là. Ọ̀rúnmìlà, Ẹlẹ́rìí Ìpín, má jẹ́ kí a rí irú Ìjẹmọ̀ mọ́, má jẹ́ kí a rí irú Adúbí mọ́. Kí ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí a fi ẹnu yanjú má di ohun tí a ń fi ìbọn yanjú. Kí ilẹ̀ Ẹ̀gbá tòrò, kí ìpínlẹ̀ Ògùn tòrò, kí ọmọ aráyé máa wá wo ìlú wa kọ́ṣe. Kí a ṣe ọdún yìí ṣe ẹ̀ẹ̀mí-ìn.

Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ. Àṣẹ.